Ọtí Alaalẹ́: Ìgbà Wo Ni Àṣà Ń Di Bárakú?

Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé lórí kò kan ọ̀mùtí tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e délé, tí àwọn ọmọdé sì ń hó tẹ̀ lé lẹ́yìn, nítorí pé ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹ̀rí kankan mọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò tàbí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ṣe ojúṣe rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọjọ́rọ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bí oòrùn bá ti wọ̀, tó sì ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ìgò ni ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá, lójoojúmọ́, láìbá ẹnikẹ́ni jà. Yíyó ni àwùjọ Yorùbá fi ń wọn ọtí mímu: bí ènìyàn kò bá ti yó, kò sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀. Òṣùwọ̀n yìí ti dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìtìjú, ṣùgbọ́n kò dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ àìsàn, nítorí pé ọtí lè ti di ọ̀gá ẹni tí kò yó rí lójú ayé. Ohun tó yẹ kí a máa wò ni bóyá ìrọ̀lẹ́ lè kọjá láìsí ọtí, kí ọkàn ẹni tó ń mu ún sì balẹ̀.

Mímu ọtí nírọ̀lẹ́ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Adẹ́mu a máa gun ọ̀pẹ láàárọ̀, a sì tún máa gùn ún nírọ̀lẹ́, ẹmu ìrọ̀lẹ́ sì ni àwọn àgbà fi ń kẹ́gbẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Ẹmu yìí ní ààlà tirẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú kò lè rí, ti ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí, kì í sì í pẹ́ kí ó tó kan, nítorí náà kò sí ẹni tó lè kó ẹmu jọ sílé fún oṣù kan. Iye tí adẹ́mu bá gbé sọ̀kalẹ̀ ni gbogbo àwọn tó jókòó yóò pín, ojú gbogbo wọn ló sì ń rí iye ahá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé sẹ́nu. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fẹnu kàn án rárá. Àwọn olùsìn Ọbàtálá ka ẹmu sí èèwọ̀ nítorí ìtàn tó sọ pé nígbà tí Olódùmarè rán òrìṣà náà láti wá dá ilé ayé, ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí nínú ìtàn yìí ni pé kò sí ibi tí wọ́n ti ka iye ahá tí Ọbàtálá mu. Iṣẹ́ tó sùn lé lórí ni ìtàn ń kà sí i lọ́rùn.

Ọtí ìgò ló yí ètò yìí padà. Ṣáájú ogun àgbáyé kìn-ín-ní, owó ibodè lórí jíìnì àti ṣínáàpù tó ń gba èbúté Èkó wọlé wà lára owó tó pọ̀ jù lọ tí ìjọba amúnisìn ń rí gbà. Ní ọdún 1949, ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó, nígbà tó sì di ọdún 1978, ilé iṣẹ́ ìpọntí kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Iléṣà, ní àárín ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Bíà kì í kan bí ẹmu, a lè rà á ní páálí kan, kí a kó o sínú fíríìjì, kí a sì máa mu ún nìkan nínú yàrá. Bí ọtí ṣe kúrò lábẹ́ igi tó sì bọ́ sínú yàrá ni ojú àwọn ẹgbẹ́ kúrò lára ẹni tó ń mu ún, ìṣirò sì wá di ohun tí òun nìkan ń ṣe fún ara rẹ̀.

Ìṣirò náà gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mutí lálẹ́ pé mélòó ló ń mu, yóò fèsì pé ìgò kan péré, ìgò kan sì dún létí bí ohun tó kéré jù lọ tí ènìyàn lè mu. Ṣùgbọ́n ìgò ńlá tí bíà sábà ń wà nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà gba 60 sẹntilítà. Bí bíà náà bá le dé ìdá 5 nínú 100, ojúlówó èròjà ọtí tó wà nínú ìgò kan jẹ́ 30 mìlílítà, ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 24. Bí ó bá jẹ́ bíà dúdú tó le dé ìdá 7.5 ni, ìgò kan náà yóò ní gíráàmù tó lé ní 35. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, gíráàmù 8 ni àwọn oníṣègùn ń kà sí òṣùwọ̀n kan, tí wọ́n ń pè ní yúníìtì, ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà dókítà ibẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2016 sì ni pé kí ọkùnrin tàbí obìnrin má ṣe mu ju yúníìtì 14 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì pín in sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń mu ìgò bíà ńlá kan ní alaalẹ́ ń mu yúníìtì 21 lọ́sẹ̀; ẹni tó ń mu méjì ń mu 42, èyí tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n dá. Ẹni náà kò purọ́ nígbà tó sọ pé ìgò kan péré ni. Ìgò náà ló tóbi ju bí orúkọ rẹ̀ ṣe dún lọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, tó ń fi ìdajì ìgò wáìnì pa iná iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ìgò wáìnì 75 sẹntilítà tó le dé ìdá 13.5 ní yúníìtì mẹ́wàá, ìdajì rẹ̀ lójoojúmọ́ sì jẹ́ 35 lọ́sẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ọtí fi ń wọlé láìjẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ọ̀nà yìí sì léwu ju ti bíà lọ. Àgbo jẹ̀dí, ọ̀pá ẹ̀yìn, àti oríṣiríṣi egbò igi tí wọ́n rẹ sínú ògógóró ni àwọn ìyá alágbo àti àwọn tó ń ta paraga ń gbé ká inú gáréèjì, ọjà àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ògógóró jẹ́ ẹmu tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ tó di omi padà, ó sì lè le tó ìlọ́po mẹ́jọ bíà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń mu ife kan lálẹ́ nítorí ẹ̀yìn dídùn kò ka ara rẹ̀ sí amutí. Àwọn mìíràn tí ẹ̀sìn wọn ka ọtí léèwọ̀ pátápátá ń mu ún pẹ̀lú ọkàn mímọ́, nítorí pé oògùn ni wọ́n pè é. Ara kò mọ orúkọ tí a fún ohun tó wọ inú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀, tó jẹ́ ẹ̀yà tó ń tú ọtí palẹ̀ lára, yóò ṣiṣẹ́ lórí ife àgbo náà bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ lórí ọtí líle, bí ìrora bá sì fúyẹ́ lálẹ́ tó tún padà dé ní òwúrọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọtí ló pa á lára fún wákàtí díẹ̀, tí egbò igi kò sì ṣe nǹkan kan. Ọtí líle inú ọ̀rá tún fi kún ìṣòro yìí, torí pé ó rọ̀ lówó, ó sì rọrùn láti fi pamọ́ sápò. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2024, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú òfin tó de ọtí inú ọ̀rá àti inú ìgò tí kò tó 200 mìlílítà, ṣùgbọ́n ariwo àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀, ìjọba sì sún òfin náà síwájú di òpin ọdún 2025. Sísún tí wọ́n sún un jẹ́ àdánù fún àwọn awakọ̀, àwọn alágbàṣe àti àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé wọn.

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti mọ ibi tí ààlà wà, ìwádìí wọn sì ti ń sún mọ́ ọ̀rọ̀ amutí alaalẹ́ díẹ̀díẹ̀. E. M. Jellinek, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960, pín àwọn tí ọtí ti di àìsàn fún sí oríṣi, ó sì fi lẹ́tà èdè Gíríìkì sọ wọ́n lórúkọ. Oríṣi tó pè ní delta ni àwọn tí kì í mu àmujù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n lè wọn ohun tí wọ́n ń mu, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀. Ó rí i pé irú wọn pọ̀ ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wáìnì ti jẹ́ ara oúnjẹ. Ní ọdún 1976, Griffith Edwards àti Milton Gross ṣàpèjúwe bárakú ọtí gẹ́gẹ́ bí àkójọpọ̀ àmì tó ń dàgbà ní ìpele sí ìpele, dípò kí wọ́n pín ènìyàn sí ọ̀mùtí àti ẹni tí kì í ṣe ọ̀mùtí. Lára àmì wọn ni pé oríṣiríṣi ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà mutí tẹ́lẹ̀ yóò máa dínkù di ẹyọ kan: ẹni tó ń mu ní ọjọ́ ayẹyẹ nìkan, tó tún lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìmu, yóò wá máa mu ní wákàtí kan náà, ní iye kan náà, yálà ó láyọ̀ tàbí ó ń ṣọ̀fọ̀, yálà àlejò wà nílé tàbí kò sí. Nínú gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ, kò jọ pé ohun kan bá ọtí ìrọ̀lẹ́ mu tó èyí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ìwé ìbéèrè dé. Èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 1989, tí wọ́n ń pè ní AUDIT, ní ìbéèrè mẹ́wàá, máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 40, máàkì 8 sókè sì fi hàn pé ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà mutí ti léwu. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ bi ènìyàn bí ó ṣe ń mutí sí, ẹni tó bá sì ń mu ún ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ ti gba máàkì 4, tó jẹ́ ìdajì máàkì 8 náà, kí wọ́n tó bi í léèrè iye tó ń mu. Ìwé ìbéèrè kejì kúrú púpọ̀, John Ewing ló sì kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà: ǹjẹ́ ènìyàn ti rò ó rí pé ó yẹ kí òun dín in kù, ǹjẹ́ àwọn ènìyàn ti múnú bí i rí nípa bíbá a wí lórí rẹ̀, ǹjẹ́ ọkàn rẹ̀ ti dá a lẹ́bi, ǹjẹ́ ó sì ti mutí rí ní àárọ̀ kùtùkùtù kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni méjì nínú mẹ́rin tó láti mú kí dókítà fara balẹ̀ wádìí.

Ìbéèrè kejì nínú mẹ́rin yìí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ilé Yorùbá, ó sì yẹ kí àwọn oníṣègùn wa mọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìyàwó ló lè wo ojú bàálé rẹ̀, kí ó sọ pé ọtí tó ń mu ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọ kò lè sọ ọ́ rárá, nítorí pé ọmọ kì í bá bàbá rẹ̀ wí. Ẹni tí kò sí ẹnì kan tó láyà láti bá a sọ̀rọ̀ yóò dáhùn pé rárá, kò sí ẹni tó bá òun wí rí, òtítọ́ ni yóò sì sọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ti ń ka ìgò tó ṣófo lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ sì ti mọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ owó ilé ìwé, wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ kí aago méje alẹ́ tó lù. Ti obìnrin tún ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gàn tí àwùjọ ń kó bá obìnrin tó ń mutí ń mú kí ó máa mu ún ní ìkọ̀kọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni iye ọtí kan náà ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju nínú ti ọkùnrin lọ, torí pé omi inú ara rẹ̀ kéré sí ti ọkùnrin. Ìbéèrè tó yẹ kí dókítà fi kún un ní ilẹ̀ wa ni èyí: kí ni ìyàwó rẹ, ọkọ rẹ tàbí àwọn ọmọ rẹ ìbá sọ bí wọ́n bá láǹfààní láti sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù?

Ìdí tí díẹ̀ fi ń di púpọ̀ wà nínú ọpọlọ. Ọtí ń ti ẹ̀yìn àwọn èròjà tó ń pa ọpọlọ rọ́rọ́, ó sì ń tẹ àwọn tó ń jí i mọ́lẹ̀. Ọpọlọ tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ sí ní gbogbo alẹ́ yóò tún ara rẹ̀ ṣe ní òdìkejì, kí ó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ohun tó ń tẹ̀yìn èyí yọ ni pé ìgò kan tó ń mú ara dẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ṣe é mọ́, ìgbà tí ọtí kò bá sì sí, ọpọlọ tó ti múra sílẹ̀ fún un yóò máa sáré láìsí ìjánu: ara yóò máa gbóná, inú yóò máa bí ènìyàn, ọkàn yóò máa sáré, ẹni náà yóò sì gbà pé wàhálà ọjọ́ náà ló fà á tí òun fi nílò ọtí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tó jọ èyí ń ṣẹlẹ̀ sí oorun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mutí kí wọ́n lè sùn, òótọ́ sì ni pé ọtí máa ń tètè gbé ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n bí ara bá ti ń tú u palẹ̀ ní òru, oorun apá kejì yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, ènìyàn yóò jí ní aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin òru, yóò sì rẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń fi ọtí wá oorun ní alaalẹ́ ni ọtí ń gba oorun lọ́wọ́ rẹ̀.

Lórí ara yòókù, ọ̀rọ̀ kò pọ̀, ó sì dájú. Ọtí ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì lè ba iṣẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà jẹ́, àìsàn méjèèjì yìí kan náà ló sì sábà máa ń wà lára àwọn àgbàlagbà tó ń mutí lálẹ́. Láti ọdún 1988 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka ọtí mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn náà, lára rẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀fun, ẹ̀dọ̀, ìfun ńlá àti ọmú. Àjọ náà ṣírò pé ní ọdún 2019, ènìyàn mílíọ̀nù 2.6 ni ọtí pa lágbàáyé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gbà pé ìwọ̀nba ọtí lójoojúmọ́ dára fún ọkàn, nítorí pé àwọn tí kò mutí rárá nínú ìwádìí ń kú ju àwọn tó ń mu díẹ̀ lọ. Nígbà tó yá ni wọ́n ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tí kì í mutí jẹ́ ẹni tí àìsàn ti mú kí ó fi ọtí sílẹ̀, tí ìfiwéra náà kò sì tọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí iye ọtí tí a lè sọ pé kò ní ewu fún ìlera. Èyí kò túmọ̀ sí pé ahá kan yóò pa ènìyàn. Ó túmọ̀ sí pé ewu náà bẹ̀rẹ̀ láti ahá kìn-ín-ní, ó sì ń ga sí i bí ahá ti ń pọ̀.

Nígbà náà, báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ bóyá ti òun ti di ìṣòro? Ó lè kọ iye tó mu sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú àgbo àti ọtí inú ọ̀rá, kí ó má ṣe gbójú lé ìrántí. Ó lè fi ìrọ̀lẹ́ bíi mélòó kan sílẹ̀ láìmu rárá, kí ó sì máa kíyè sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ láàárín aago mẹ́fà sí aago mẹ́sàn-án. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá kúrò lórí rẹ̀, bí ó bá ń wá àwáwí láti jáde lọ, bí ó bá ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ lónìí tó sì ń da ẹ̀jẹ́ náà lọ́la, ìdáhùn ti dé, ì báà ṣe ìgò kan péré ló ń mu. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, pàápàá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí ó ń làágùn bí kò bá mu, kò gbọdọ̀ ṣíwọ́ lójijì fúnra rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, gìrì lè mú un. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kí ó máa sọ ìsọkúsọ, èyí sì lè pa á. Àwọn ẹbí máa ń pe èyí ní àfọwọ́fà ọ̀tá tàbí ẹ̀mí òkùnkùn, wọ́n á sì gbé e lọ sí ibòmíràn nígbà tó yẹ kó wà ní ilé ìwòsàn. Dókítà mọ bí a ṣe ń dín in kù pẹ̀lú oògùn àti fítámì B1, oògùn bíi naltrexone àti acamprosate sì wà tó ń mú kí òòfà ọtí rọlẹ̀.

Ibi tí ènìyàn lè lọ kò jìnnà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta, níbi tí Thomas Adeoye Lambo ti dá ètò ìtọ́jú láàárín abúlé sílẹ̀ ní ọdún 1954, ń tọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn ti di bárakú fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Yábàá ní Èkó, dókítà lásán ní ilé ìwòsàn àdúgbò sì lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìtìjú ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, nítorí orúkọ tí àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyí ní lẹ́nu ará ìlú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá lọ nígbà tó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́, tí ìdílé rẹ̀ ṣì wà pọ̀, ni ìtọ́jú ń rọrùn fún jù. Nítorí náà, ẹni tó bá ka èyí tán tó sì rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó yan ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí kò ní mutí, kí ó sọ fún ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ pé kí ó máa ṣọ́ òun. Bí ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta náà bá ṣòro ju bó ṣe rò lọ, tàbí bí ara rẹ̀ bá ti ń gbọ̀n, kí ó lọ rí dókítà, kí ó má ṣe dúró de ìgbà tí yóò yó níta.